Igi inú ọgbà ilé: bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti bí a ṣe ń gé e láìsí ewu

Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀, láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, ló ń tú àṣírí igi tó ti bàjẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀. Ilẹ̀ á ti gbẹ láti oṣù Kọkànlá, gbòǹgbò tí ikán tàbí ìjẹrà ti mú kò ní lágbára mọ́, atẹ́gùn á sì fẹ́ lójijì láti ìhà ìlà-oòrùn. Ẹ̀ka máńgòrò á ya lé páànù, fúrúùtù á wó lu fẹ́ǹsì. Lọ́jọ́ kejì, láti Parakin dé Mọdákẹ́kẹ́, ìró ẹ́ńjìnì agégi ni ẹ ó máa gbọ́, wọ́n á máa gé igi tó ti bàjẹ́ pọ̀ mọ́ èyí tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó máa ń dùn mí. Igi tó gba ogójì ọdún kó tó ga tó bẹ́ẹ̀, kò ju wákàtí méjì lọ tó fi ń di kùkùté, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì tún dé, yàrá tó ń gbádùn ibòòji rẹ̀ kò ní ṣeé jókòó sí lọ́sàn-án.

Onílé àti ayálégbé tó ní igi lágbàlá ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú igi tí à ń gé lulẹ̀, kí a gé ẹ̀ka méjì mẹ́ta lára rẹ̀ lásìkò ló nílò. Èyí tó bá sì di dandan kó lulẹ̀, gbogbo ìpinnu nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti parí kí ẹnikẹ́ni tó fa okùn ẹ́ńjìnì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú igi tí ẹ ní

Máńgòrò máa ń fara da kí a gé ẹ̀ka rẹ̀, á sì tún rú. Ọ̀pẹ àti àgbọn ní ojú ìdàgbà kan ṣoṣo, lókè pátápátá, ẹni tó bá sì gé orí wọn ti pa wọ́n. Mẹ̀línà àti tíìkì, bí ẹ gé wọn mọ́lẹ̀ lónìí, kùkùté wọn á tún hù. Gbẹ̀rẹ̀fúùtù, tó pọ̀ ní Ifẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn lọ, àti píà, igi wọn kò le, ẹ̀ka wọn sì tètè ń ya, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọdé gùn wọ́n láti ká èso, bó ti wù kí ẹ̀ka náà nípọn tó. Fúrúùtù máa ń na ẹ̀ka jìnnà, gbòǹgbò rẹ̀ á sì máa gbé íńtálọ̀kì sókè. Ìrókò àti àràbà á ga kọjá ilé alájà mẹ́ta láìṣòro, wọn kì í ṣe igi inú ọgbà kékeré rárá.

Bí ẹ kò bá dá igi náà mọ̀, ẹ já ẹ̀ka kékeré tó ní ewé, kí ẹ fi òdòdó tàbí èso rẹ̀ kún un bó bá ní, kí ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ewéko ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ oríṣiríṣi pamọ́ sí fún ìdámọ̀. Ó sàn ju kí ẹ gbára lé ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ ra pákó rẹ̀.

Àyẹ̀wò, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún

Ẹ ṣe é ní oṣù Kejì kí àkọ́rọ̀ tó dé, kí ẹ tún ṣe é nígbà tí òjò àrọ̀kúrò bá parí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ fún igi kan.

Ẹ dúró lókèèrè ná, kí ẹ wò ó yípo. Igi tó tẹ̀ láti kékeré, tí orí rẹ̀ sì ti tún yíjú sókè, kì í fi bẹ́ẹ̀ léwu. Èyí tó yẹ kó já yín láyà ni igi tó nàró lọ́dún tó kọjá, tó wá ń tẹ̀ báyìí. Ẹ lọ wo ilẹ̀ tó wà lódìkejì ibi tó tẹ̀ sí: bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ti sán tàbí tó wú sókè, gbòǹgbò ti ń já nìyẹn. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá tó wà ní ọ̀nà ibi tó tẹ̀ sí lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì wá agégi lọ́jọ́ kejì. Ẹ má dúró de ẹ̀ẹ̀rùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ sún mọ́ ìdí rẹ̀. Olú tó le koko, tó yọ pẹlẹbẹ ní ìdí igi tàbí lórí gbòǹgbò, kì í ṣe ohun tí ẹ ó kàn fi ẹsẹ̀ gbá dànù kí ẹ sì gbàgbé. Ó túmọ̀ sí pé igi ti ń jẹrà nínú, bí ewé rẹ̀ tiẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ẹ fi òòlù onígi kan ara rẹ̀ yípo. Ibi tó bá le á dún kó-kó-kó, ibi tó bá ti dòfo á dún gbùú. Ihò nínú igi nìkan kò tó ìdí láti gé e. Òdiwọ̀n tí àwọn onímọ̀ máa ń lò ni pé, bí igi líle tó ṣẹ́kù yí ihò náà ká kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta àlàfo tó wà láti àárín gbùngbùn igi sí èèpo rẹ̀, igi náà ti di eléwu. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa ṣọ́ ọ.

Ikán máa ń da ọkàn àwọn ènìyàn rú. Erùpẹ̀ tí wọ́n mọ sára èèpo kò fi dandan jẹ́ pé wọ́n ti wọnú igi, torí èèpo gbígbẹ nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ. Ẹ fi ẹ̀yìn àdá họ erùpẹ̀ náà kúrò kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí igi abẹ́ rẹ̀ bá le tó sì mọ́, kò sí wàhálà. Bí ọ̀bẹ bá ń wọlé wẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ẹ wá gbójú sókè. Níbi tí igi ti là sí méjì, ẹ wo bí àlàfo náà ṣe rí. Bó bá fẹ̀ dáadáa, ó lágbára. Bí apá méjèèjì bá ga gọngọ tí wọ́n fún ara wọn, tí èèpo sì há sáàárín wọn, ibẹ̀ ni ìjì á ti là á lọ́jọ́ kan, pàápàá bí ẹ bá ti rí i tó sán. Ní ti ẹ̀ka gbígbẹ, àsìkò òjò ni kí ẹ wá a, torí ìrókò, àràbà àti fúrúùtù máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹlòmíràn á sì rò pé wọ́n ti kú. Bí iyèméjì bá wà, ẹ fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka kékeré: bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, ó wà láàyè.

Ìtọ́jú: gbòǹgbò ló ṣáájú

Gbòǹgbò tó ń wá omi àti oúnjẹ kò jìn nílẹ̀. Púpọ̀ rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà méjì àkọ́kọ́, ó sì máa ń nà kọjá ibi tí ẹ̀ka dé. Nítorí náà, ẹni tó bá da sìmẹ́ńtì mọ́ igi lẹ́sẹ̀ pinpin ń fún un lọ́rùn, ẹni tó bá sì gbẹ́ kòtò sọ́kàwéè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti gé ohun tó ń dì í mú lọ́jọ́ ìjì. Ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ yí i ká, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́rin, ju bẹ́ẹ̀ lọ bí àyè bá wà. Ẹ má kó erùpẹ̀ jọ bo ìdí rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ dẹ́kun rẹ̀: sísun pàǹtí ní ìdí igi. Mo ń rí i ní àdúgbò gbogbo. Iná náà kì í pa igi lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó ń pa èèpo ìhà kan, ìjẹrà á wọlé níbẹ̀, lẹ́yìn ọdún mélòó kan igi á ṣẹ́ láti ibẹ̀ gan-an. Wáyà tí a fi ń sá aṣọ náà, tí a so mọ́ igi tí a gbàgbé, igi á sanra títí wáyà á fi wọ̀ ọ́ lára tí kò ní jẹ́ kí oúnjẹ kọjá. Ẹ tú u.

Bí a ṣe ń gé ẹ̀ka

Níbi tí ẹ̀ka bá ti yọ lára igi, ẹ ó rí i pé ó wú díẹ̀, èèpo ibẹ̀ sì ká jọ. Ọrùn ẹ̀ka nìyẹn. Ibẹ̀ ni igi ti ń pa ojú ọgbẹ́ dé, ẹ má gé wọnú rẹ̀ láé. Ẹ má sì fi kùkù gígùn sílẹ̀, torí kùkù á kú, á sì fa ìjẹrà wọlé.

Ẹ̀ka tó bá ju ọwọ́ ọmọdé lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta là ń gé e. Ẹ kúrò ní ara igi tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ gé ẹ̀ka náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ayùn wọlé dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ sún síwájú ní íǹṣì méjì sí mẹ́ta, kí ẹ wá gé e láti òkè wá sísàlẹ̀ títí yóò fi já. Gígé àkọ́kọ́ yẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹ̀ka tó ń já bó èèpo igi lọ sílẹ̀ gbọọrọ. Ìgbà tí ìwúwo ti kúrò ni ẹ ó wá gé kùkù tó kù, ní ìta ọrùn ẹ̀ka gẹ́lẹ́.

Ojú ọgbẹ́ náà, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń fi ọ̀dà, sìmẹ́ńtì tàbí ọ́ìlì tí wọ́n ti lò nínú mọ́tò kùn ún. Alex Shigo, ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ìwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó lọ́hùn-ún, la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi láti wo bí ìjẹrà ṣe ń rìn nínú wọn. Ohun tó fi hàn ni pé igi kì í tún ibi tó ti bàjẹ́ ṣe. Ńṣe ló ń mọ odi yí i ká láti inú, tó sì ń dàgbà bò ó. Ọ̀dà kò dá ìjẹrà dúró. Gígé tó mọ́, níbi tó yẹ, ni oògùn rẹ̀.

Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́rin ewé igi lọ láàárín ọdún kan. Máńgòrò, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ ní kété tí ẹ bá ká èso tán, ní nǹkan bí oṣù Keje. Ẹ̀ka tó ti kú tàbí tó ya, ẹ má wo àsìkò kankan kí ẹ tó gé e.

Ní ti gígé orí igi pátá, èyí tí àwọn agégi kan máa ń pè ní ìtọ́jú: ẹ kọ̀ ọ́. Igi tí a gé orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara èèpo, wọn kò wọ inú igi dáadáa. Láàárín ọdún mẹ́ta mẹ́rin wọ́n á ti ga padà, orí ìjẹrà ni wọ́n á sì dúró lé. Ìjì tó bá tún dé, àwọn náà ló máa kọ́kọ́ já. Bí igi bá ga jù, ẹ gé ẹ̀ka gígùn padà dé ibi tí ẹ̀ka kékeré kan ti yọ tó lè gba ipò rẹ̀.

Àfòmọ́ tún wà. Obì, kòkó àti ọsàn ló ń jìyà rẹ̀ jù ní agbègbè wa. Ẹyẹ ló ń jẹ èso rẹ̀, tó ń fi kóró rẹ̀ tó ń lẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀ka, àfòmọ́ á wá ki gbòǹgbò bọ inú ẹ̀ka náà láti máa fa omi rẹ̀. Bí ẹ bá fà á tu lásán, ìyókù rẹ̀ á tún hù. Ẹ gé ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìdí ibi tó ti wọlé, kó tó so èso. (Àwọn ẹlẹ́wé ọmọ máa ń wá àfòmọ́ igi kan pàtó fún àgbo, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó sọ ọ́ nù.)

Nígbà tí gígé bá di dandan

Igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti ń já, igi tó ti kú tó sì lè wó lu ilé tàbí ọ̀nà, igi tó ti dòfo kọjá ìwọ̀n, ìwọ̀nyí ni kó lulẹ̀. Ewé tó ń dí gọ́tà kò tó ẹ̀sùn ikú.

Ní Ifẹ̀, ẹ má gbé agégi wọlé láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Igi tó wà lórí ilẹ̀ ẹbí, ti ẹbí ni, ẹ bi olórí ẹbí. Akòko, ìrókò, àràbà, pàápàá èyí tí aṣọ funfun wà lára rẹ̀ tàbí tó wà nítòsí ojúbọ, ẹ wádìí lọ́dọ̀ àwọn àgbà ilé àti àwọn Ìsòrò, ìyẹn àwọn àwòrò ìṣẹ̀ṣe Ifẹ̀, bóyá ó ní ìtàn. Mo ti rí àríyànjiyàn tó gùn ju ọjọ́ orí igi náà lọ nítorí ẹni tó rò pé ọgbà òun ni, igi òun ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín láti bi wọ́n ohun tí òfin béèrè. Igi tó wà lẹ́bàá títì, ti ìjọba ni, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹnu ọ̀nà yín ló wà. Ẹ sì sọ fún ará ilé kejì, bí ẹ̀ka kan ṣoṣo bá tiẹ̀ ni ó wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa yan agégi

Agégi igbó àti agégi inú ọgbà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ń gé gẹdú fún sọ́mìlì lè jẹ́ ọ̀gá nínú igbó tí àyè gbà á, ṣùgbọ́n kó má mọ bí a ṣe ń fi okùn sọ ẹ̀ka kalẹ̀ láàárín ilé méjì. Ẹ mú un dé ìdí igi náà, kí ẹ bi í pé: “Ẹ̀gbọ́n, ibo ni igi yìí máa wó sí?” Bó bá ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, a mọ̀ ọ́n ṣe,” kò tíì dá yín lóhùn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á yí igi ká, á wo òkè, á wo wáyà, kó tó sọ pé: “Màmá, a ò lè dá eléyìí lẹ́ẹ̀kan o. Èmi ni n ó gùn ún, n ó máa so ẹ̀ka, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á máa fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ bá wa kó táǹkì yẹn kúrò, kí ẹ sì bá Bàbá tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì sọ̀rọ̀.”

Ẹ wo ohun tó gbé wá. Akoto, awò tó bo ojú, ohun tó bo etí, bàtà tó nípọn, okùn tí kò já lójú. Ẹni tó wọ sílípáàsì wá síbi ẹ́ńjìnì agégi, ẹ dá a padà. Ẹni tó ti mu páràgà láàárọ̀, ẹ dá òun náà padà, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ẹni tó máa gbé ẹ́ńjìnì gun òkè kò gbọ́dọ̀ fi igbà kan ṣoṣo so ara rẹ̀ bí akọ̀pẹ ṣe ń ṣe. Àdá akọ̀pẹ kì í sáré tó ẹ̀wọ̀n ẹ́ńjìnì, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ̀wọ̀n náà bá kan igbà, ó parí. Ìdè méjì ni, kí ọ̀kan wà níbẹ̀ bí èkejì bá já.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ìwé kan péré: iye owó, ta ló máa kó ẹ̀ka àti ewé lọ, ta ló máa tún páànù ṣe bó bá fọ́, ta ló ni pákó. Ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì. Ìrókò àti tíìkì lówó lórí, ẹ lọ béèrè iye rẹ̀ ní sọ́mìlì méjì kí ẹ tó gbà pé kí agégi fi pákó gba owó iṣẹ́. Ẹ má san gbogbo owó ṣáájú.

Ọjọ́ iṣẹ́

Ẹ wọn gíga igi. Ẹ mú ọ̀pá tó gùn tó apá yín, kí ẹ na apá síwájú, kí ọ̀pá náà nàró lọ́wọ́ yín. Ẹ máa fà sẹ́yìn títí orí ọ̀pá á fi bá orí igi mu, tí ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà, lókè ọwọ́ yín, á sì bá ìdí igi mu. Àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yin àti igi ni gíga rẹ̀. Ìlọ́po méjì àlàfo yẹn, yíká, kò gbọ́dọ̀ sí ọmọ, ewúrẹ́, ọkọ̀ tàbí ẹni tó wá wòran níbẹ̀. Bí àyè tó wà níwájú igi kò bá tó gíga rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ pé a ń dá a lódindi. Kíké rẹ̀ láti òkè wá ló kù.

Wáyà iná ni mo bẹ̀rù jù. Ẹnikẹ́ni, ẹ̀ka, àkàbà tàbí ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ wáyà kékeré tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Wáyà ńlá tó ń gbé 11,000 tàbí 33,000 fóòlìtì, ẹ má sún mọ́ ọn rárá àfi bí àwọn òṣìṣẹ́ IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, bá ti pa á tí wọ́n sì wà níbẹ̀ fúnra wọn. “NEPA ti mú iná lọ” kì í ṣe ìdánilójú, wọ́n lè mú un dé nígbàkúùgbà. Jẹnẹrétọ̀ ará àdúgbò tí wọn kò so dáadáa náà lè ti iná padà sínú wáyà tí ẹ rò pé ó ti kú. Igi tútù ń gbé iná. Bí wáyà bá já sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 35, kí ẹ pe ilé iṣẹ́ iná.

Ẹ má ṣe iṣẹ́ náà bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ tàbí tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ wo inú ihò igi lọ́jọ́ tó ṣáájú, bóyá oyin wà níbẹ̀. Bó bá wà, ẹ wá ẹni tó ń sin oyin, ẹ má fi iná lé e. Oje máńgòrò àti ti kajú ń jó ara, lẹ́búlẹ́bú ìrókò sì ń yọ awọ ara àti àyà lẹ́nu, nítorí náà ẹ bo apá àti imú.

Ní ti onílé tó fẹ́ fúnra rẹ̀ gé igi: èyí tí kò nípọn ju itan lọ, tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ, tó dúró ní gbangba, tí kò tẹ̀, tí wáyà kò sí nítòsí rẹ̀. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi lé oníṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe yẹ kó ṣe é:

1. Á ro ìdí igi mọ́, á la ọ̀nà ìsásí méjì sẹ́yìn, ọ̀tún àti òsì, tí kò sí okùn tàbí ẹ̀ka tó lè gbé e ṣubú. Ẹ̀yìn igi gan-an kọ́ ni ọ̀nà ìsásí, torí ìdí igi lè ta sẹ́yìn.

2. Á la ẹnu sí igi ní ìhà tó fẹ́ kó wó sí. Ẹnu náà á wọlé dé ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́rin ìpọn igi, á sì là dáadáa, ní bíi 70 dígírì. Ẹnu tí kò là tó máa ń pa dé kí igi tó délẹ̀, igi á sì yà síbi tó bá wù ú.

3. Á gé e láti ẹ̀yìn, ní déédéé igun ẹnu náà tàbí kó fi íǹṣì kan ga jù ú lọ. Kò gbọ́dọ̀ gé e já. Ó gbọ́dọ̀ fi igi díẹ̀ sílẹ̀ láàárín, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìpọn igi, íǹṣì méjì fún igi tó nípọn tó 20 íǹṣì. Ìdè yìí ló ń darí igi, bí híńjìsì ṣe ń darí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá gé ìdè já ti fi igi sílẹ̀ kó wó síbi tó wù ú. Bí ojú gígé bá ti jìn tó, á ti igi ṣóńṣó bọ ibẹ̀ kí ayùn má bàa há.

4. Tí igi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, á fa ẹ́ńjìnì yọ, á gba ọ̀nà ìsásí jáde tó ẹsẹ̀ bàtà 15, ojú rẹ̀ á sì wà lókè. Ẹ̀ka tó já sórí igi mìíràn lè wá sílẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́.

Igi tó tẹ̀ gan-an kò ṣeé gé báyìí. Ó lè là gbọọrọ lọ sókè nígbà tí gígé ẹ̀yìn kò tíì parí, kí ìdajì rẹ̀ sì gbá agégi láyà. Iṣẹ́ àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀: imú rẹ̀ lápá òkè kò gbọ́dọ̀ kan igi, torí á ta padà sójú ẹni tó mú un. A kì í gbé e ga ju èjìká lọ, a kì í lò ó lórí àkàbà. Kí ó tutù kí ẹ tó rọ epo sí i, kí ẹ sì kúrò níbi tí ẹ ti rọ ọ́ kí ẹ tó tàn án.

Lẹ́yìn ìjì

Bí igi bá wó lu igi, tòkè rẹ̀ là á kọ́kọ́ gbé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni iṣẹ́ náà rí. Igi tó há sórí òmíràn, ẹ má gùn ún, ẹ má rìn kọjá lábẹ́ rẹ̀, ẹ má gé èyí tó gbé e dúró. Ẹ̀ka tó tẹ̀ kọrọdọ lábẹ́ ìwúwo ní agbára nínú, á fò bí ẹ bá gé e. Igi tó wó tòun ti gbòǹgbò, bí wọ́n bá gé ara rẹ̀ kúrò, ìdí rẹ̀ lè nàró padà sínú kòtò lójijì, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan ṣeré nínú kòtò náà.

Kùkùté

Bí kò bá dí yín lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀ kó jẹrà fúnra rẹ̀. Ẹ má fi iná sun ún: iná á máa rìn lọ nínú gbòǹgbò lábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Iyọ̀ ń ba ilẹ̀ jẹ́. Fún mẹ̀línà àti tíìkì tí kò fẹ́ kú, oògùn apako tí ẹ kùn sí ojú gígé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn gígé á dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹ má lò ó nítòsí kànga.

Bí ẹ bá fẹ́ hú u, ẹ rántí ilẹ̀ tí ẹ ń gbẹ́. Lọ́dún 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Lọ́dún 1957, àwọn lébìrà tó ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó ló tún rí tiwọn. Bí ṣọ́bìrì bá kan àpáàdì tí wọ́n tò nílẹ̀ létòlétò, ère, tàbí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ má fà á yọ, kí ẹ lọ sọ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹnuwá, nítòsí ààfin Ọọ̀ni. Ibi tó ti jókòó sí nínú ilẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì ń sọnù bí a bá ti hú u.

Igi mìíràn

Ẹ gbìn ín ní oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀. Máńgòrò, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 25 sí 30 sí àárín òun àti ògiri. Ọsàn, 12 sí 15. Kò gbọ́dọ̀ sí wáyà lókè ibẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ọ̀rá tí ọ̀gbìn náà wà nínú rẹ̀, ẹ ya ọ̀rá náà kúrò pátápátá, kí ẹ má sì bo ọrùn ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́ àkọ́kọ́, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ yí i ká láìjẹ́ kó kan ara rẹ̀, kí ẹ máa bomi rin ín, garawa kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, títí àkọ́rọ̀ á fi dé.